Bọmubọmu Rábí

Láàárọ̀ àná, èso bọmubọmu tí mo gbìn sẹ́yìn ilé mi ní Ìfọ̀ là, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ sì gbé òwú rẹ̀ wọlé, ó bà létí ife tíì mi. N kò lè mu tíì náà mọ́.

Mówe là ń gbé nígbà náà, ní ìparí àwọn ọdún 1980, mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Rábí, ọmọ yàrá tó kọjú sí tiwa, lọ̀rẹ́ mi. Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti wá. Ibẹ̀ ló ti mú kóró bọmubọmu bọ̀, torí ìyá rẹ̀ àgbà ń fi ewé rẹ̀ mú wàrà dì. Ẹ̀yìn balùwẹ̀ ló gbìn ín sí. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń dá a mọ̀: ewé rẹ̀ gbòòrò, ó nípọn, àfi bí ẹni pé wọ́n bu pọ́dà sí i, bí a bá já a, oje funfun á máa ṣàn, kò sì gbọ́dọ̀ kan ojú. Tíṣà tó le ni Rábí. Bí mo bá ṣi ewé mú, á gbá mi lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ èmi lẹ̀gbọ́n.

Nígbà tó yá, àìsàn dá a gúnlẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń gbé e lọ sílé ní Ìsẹ́yìn fún ìtọ́jú, ó pè mí sí kọ̀rọ̀.

"Bá mi tọ́jú ẹ. Kó tó tanná, màá ti dé."

Mo ń bomi rin ín lójoojúmọ́. Ó ti ń rúdi nígbà tí Sátidé ìmọ́tótó pé. Ẹ̀rù wolé-wolé ń ba gbogbo ilé, torí koríko lásán lè gbé onílé dé kóòtù. Bàbá lánlọ́ọ̀dù, tí ọmọdé kì í wò lójú, na ọ̀pá sí i, wọ́n ní kí lèyí.

"Koríko ni, sà."

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́ sílẹ̀, kì í ṣeé kó. Ọwọ́ ara mi ni mo fi hú u.

Lóṣù kejì, ìyá Rábí nìkan ló padà. Wọ́n ní títí tó fi kú ló ń béèrè bóyá ó ti tanná. Mo kúnlẹ̀, mo parọ́. Mo ní ó tanná dáadáa, oòrùn ló padà pa á.

Wọ́n gbá mi mọ́ra. "Ọlọ́run á tọ́jú ìwọ náà, bó o ṣe bá a tọ́jú ẹ."

Ṣọ́ọ̀bù ló kún ibẹ̀ ní Mówe báyìí, ojúlé wa ò sí mọ́. Ìyá Rábí ti kú láìmọ òótọ́, ẹ̀yin sì lẹni àkọ́kọ́ tí mo sọ ọ́ fún. Ara mi le, gbogbo ọmọ mi ló wà láàyè. Àdúrà tí wọ́n ṣe fún mi, Ọlọ́run gbà á.