Mi Ò Yí Padà Lọ Pàdé Rẹ̀

Ọ̀rẹ́ mi ló gbé òfin náà kalẹ̀. Ó ní bí a bá ń sáré, ẹni tó bá ṣáájú kò gbọdọ̀ dúró de èkejì rẹ̀, nítorí ìdúró máa ń mú kí ẹsẹ̀ wúwo. Ṣe ni kó yí padà, kó sáré wá pàdé ẹni tó kù lẹ́yìn, kí àwọn méjèèjì tún jọ kọjú síbi tí wọ́n ń lọ. Òun ló máa ń ṣáájú nígbà gbogbo, nítorí náà òun nìkan ni òfin yẹn máa ń mú. Èmi á máa mí gúlegúle bọ̀, màá sì rí i lọ́ọ̀ọ́kán tó ń bọ̀ wá bá mi, tó ń rẹ́rìn-ín.

"Ìgbín! Ṣé o ṣì wà láyé?"

"Mo wà láyé. Má pariwo."

Igbó-Ọrà là ń gbé. Èmi ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, òun ń bá ìyá rẹ̀ yan gàrí. Ilé ìwé la ti mọ ara wa, lọ́jọ́ tí tíṣà ní kí gbogbo kíláàsì sáré yí pápá ká. Àwọn yòókù jókòó nígbà tó rẹ̀ wọ́n, àwa méjì ò dúró títí tí tíṣà fi ní kí á lọ mu omi. A ò lọ jìnnà nínú ìwé, èmi àti òun. Eré sísá nìkan la mú jáde níbẹ̀.

Tí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán, á wá kan fèrèsé mi. A ó gba ọ̀nà Ìdèrè lọ títí dé ìdí igi mángòrò kan tó wà létí ìlú, a ó sì padà kí ọ̀gá mi tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ọlọ́kadà mọ̀ wá.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ta ló ń lé yín?"

Èmi á tẹrí ba. Òun kì í tẹrí ba.

"Ìyàwó yín ni! Ẹ yáa máa sá tiyín lọ, ó mú ọmọrogùn lọ́wọ́!"

Bó ṣe máa ń gbẹnu sọ fún àwa méjèèjì nìyẹn. Èmi kì í lè sọ̀rọ̀ láàárín èèyàn. Bí mo bá fẹ́ sọ ohun kan fún ọ̀gá mi, mo ní láti kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ara mi lẹ́ẹ̀mẹta, kó má baà há mi lẹ́nu.

Ní ọjọ́ Tọ́sìdeè kan, ó sọ fún mi pé àyà ń fún òun.

"Èéfín gàrí ni. Má sọ fún màmá mi o, wọn ò ní jẹ́ kí n jáde mọ́."

Mi ò sọ.

Ní Sátidé, a tún jáde. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá afárá nígbà tí mo rí i pé kò sí ẹnikẹ́ni níwájú mi. Mo ti yà á sílẹ̀. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn: "Máa lọ, ìgbín! Jẹ́ kí n rí ẹ̀yìn tìẹ náà lẹ́ẹ̀kan!" Ó ń rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn débi pé ẹsẹ̀ mi ò kan ilẹ̀ dáadáa. Mo rántí òfin náà. Mo ní kí n dé ibi oko ẹ̀gẹ́ tó wà níwájú ná. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, mo ní kí n kúkú dé ìdí mángòrò.

Mo sì dúró síbẹ̀. Mo ń múra ohun tí màá sọ tó bá dé. Mo sọ ọ́ jẹ́jẹ́ fún ara mi: "Ìgbín, ṣé o ṣì wà láyé?" Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

Oòrùn yọ. Kò dé. Ìgbà yẹn ni mo tó yí padà.

Létí oko ẹ̀gẹ́, bàbá àgbẹ̀ kan dúró, ó mú bàtà ọ̀rẹ́ mi ẹsẹ̀ kan lọ́wọ́.

"Ṣé ìwọ lẹ jọ ń sáré? Ọlọ́kadà ti gbé e lọ sí ọsibítù. Ó kọ́kọ́ jókòó síbí yìí. Mo ní kí n bá a pe èèyàn, ó ní kí n má ṣèyọnu, ọ̀rẹ́ òun ń yí padà bọ̀."

Mi ò sáré bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Nígbà tí mo dé ọsibítù, wọ́n ti fi aṣọ bò ó lójú. Kí wọ́n tó kírun alásàrí, wọ́n ti sin ín. Àwa obìnrin ò tẹ̀ lé wọn dé ibojì.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ, ìyá rẹ̀ pè mí sẹ́yìn ilé, níbi agbada gàrí. Wọ́n di ọwọ́ mi mú.

"Ọmọ mi, o ṣé. Ohun kan ṣoṣo tó ń jẹ́ kí n rí oorun sùn ni pé ìwọ wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò dá wà."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni tó bá wá kí Màmá, wọ́n á pè mí láti ṣọ́ọ̀bù. "Ẹ wò ó, òun ló wà lọ́dọ̀ ọmọ mi títí dé òpin." Àwọn àlejò á ṣàdúrà fún mi. Wọ́n rò pé ẹkún ni kò jẹ́ kí n lè sọ̀rọ̀.

Mi ò sáré mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pinnu láti sọ òtítọ́ fún Màmá. Mo ti sọ ọ́ fún ara mi lójú ọ̀nà, ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Mo bá wọn tí wọ́n ń bẹ ẹ̀gẹ́. Wọ́n sún lórí bẹ́ǹṣì fún mi, wọ́n na ọ̀bẹ kan sí mi. Ọ̀bẹ ọ̀rẹ́ mi ni, mo mọ aṣọ pupa tó fi wé èèkù rẹ̀.

Mo jókòó. A jọ bẹ ẹ̀gẹ́ náà títí tó fi tán. Mi ò sọ ọ́.