Ẹni Tó Wọn Ọwọ́ Ọmọ Ẹ̀gbọ́n Mi

Koríko oníke tí oòrùn ti pa máa ń rùn bíi táyà ọkọ̀ tó sáré jìnnà, òórùn yẹn ló sì kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀ sí pápá ìṣeré náà ní Turin. Òógùn àwọn ọkùnrin gìrìpá àti òróró ìwọ́ra wà nínú ẹ̀ pẹ̀lú. Ọjọ́ ìsinmi kan ṣoṣo tí mo ní lọ́sẹ̀ yẹn ni mo fi wọ rélùwéè láti Piacenza, níbi tí mo ti ń to páálí nínú magazzino, ilé ìkẹ́rù, nítorí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí láti Padua pé ọkùnrin kan ń bọ̀ láti Jámánì wá wo ọmọ òun. "Ìwọ ni kó o bá mi wojú ẹ̀," ó ní. "Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, mú ọmọ mi kúrò níbẹ̀." Ó mọ ẹni tó rán. Èèyàn tó ti gbé Via Anelli rí, àdúgbò àwa àjèjì ní Padua, nígbà tí wọ́n mọ ògiri dí wa mọ́ bí ẹni ń sin ẹran, kì í tètè rẹ́rìn-ín sí àlejò.

Ọmọ náà ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà ló ń gbá, èyí tó rí ṣóńṣó lórí àti nídìí, tí wọ́n ń fi ọwọ́ jù. Wide receiver ni wọ́n ń pe ipò tiẹ̀: kó sá gba etí pápá lọ bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé, kó yíjú padà, kó hán bọ́ọ̀lù lókè kí ẹlòmíì tó gbá a lulẹ̀. Egungun èjìká ẹ̀ ti kán lẹ́ẹ̀kan nítorí ẹ̀. Àdúgbò San Salvario ní Turin ló ń gbé, ó ń gbé kọfí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láàárọ̀, ó ń ṣe eré yẹn lọ́fẹ̀ẹ́ nírọ̀lẹ́. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó rán ọkùnrin yìí wá láti Jámánì ló lè sọ ọ́ di iṣẹ́. Ó ti sọ fún mi ní stazione, níbi tí mo ti sọ̀ kalẹ̀ nínú rélùwéè, pé bí tọ̀tẹ̀ yìí kò bá bọ́ sí i, òun máa pa bọ́ọ̀lù tì.

Àlejò náà gùn, ó rù, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó ní kí àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù náà bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Ó gbé wọn sórí òṣùwọ̀n, ó fẹ̀yìn wọn ti ògiri, ó na téèpù láti èjìká dé ìka, ó sì ń kọ gbogbo ẹ̀ sórí ìwé. Nílé wa, ẹni méjì ló ń fi téèpù wọn èèyàn: télọ̀, àti káfíńtà tó ń kan pósí. Ọkùnrin yìí kò sì gbé aṣọ kankan dání. Nígbà tó kan ọmọ wa, ó ní kó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sórí tábìlì, ó wọ̀n ọ́n láti àtàǹpàkò dé ọmọńdinrín, ó wo téèpù, ó tún un wọ̀n. Òun nìkan ló wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní ó tán, wọ́n ti mú un.

Bí gbogbo wọn ṣe wọ pápá ni mo ká ìwé náà, mo tì í bọ àpò inú jákẹ́ẹ̀tì. Màá gbé e dé Piacenza, kí àwọn àgbà ìjọ wa gbàdúrà lé e lórí, kí n wá ya á. Ohun tó ń dùn mí jù títí dòní ni pé mo rò pé mo gbọ́n. Mo wá dúró, mò ń wòran. Ẹnì kan ju bọ́ọ̀lù tó jìnnà débi pé mo ti ṣíjú kúrò níbẹ̀, ni ọmọ yẹn bá fò, ó na ọwọ́ kan, bọ́ọ̀lù sì lẹ̀ mọ́ ọn bí ẹni pé ibẹ̀ ló ti ń sùn tẹ́lẹ̀. Mo pàtẹ́wọ́. Ìwé ń dún wọ̀ràwọ̀rà láyà mi.

Nígbà tí wọ́n parí, àlejò wá ìwé tì. Ó bi gbogbo èèyàn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wò mí, ó rí bí mo ṣe fọwọ́ di àyà mú, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Àǹkù, kí lẹ fi sápò?"

"Bíbélì."

"Inú fóònù ni Bíbélì yín wà."

Mo fún un. Mo ń retí kó tú mi fó lójú gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ó rìn tọ ọkùnrin náà lọ. "L'ho preso io," ó ní, pé òun lòun mú un. Ojú ọkùnrin náà yí padà. Ó bá kóòṣì àwọn ọmọ náà sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ó sì fa ilà sórí orúkọ kan. Mo mọ ojú yẹn. Ojú tí mo fi ń wo gbogbo ayé ni.

Ẹsẹ̀ mi gbé mi lọ kí ẹ̀rù tó dá mi dúró. Italian tèmi kò fi bẹ́ẹ̀ kọjá "gbé e síbí" àti "ó wúwo", ti ọkùnrin náà ò sì fi bẹ́ẹ̀ sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. "Sono stato io," mo ní, èmi ni. Mo wá júwe pósí fún un: mo fọwọ́ ya gígùn ẹ̀, mo dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì, mo pajú dé.

"Basta, ó tó, Àǹkù," ọmọ náà ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde."

Ọkùnrin náà wò mí títí. Kò kúkú rẹ́rìn-ín. Ó kàn fi téèpù lé mi lọ́wọ́, ó nawọ́ sí tábìlì, pé kí èmi fúnra mi wọn ọwọ́ ọmọ náà. Ọwọ́ tí mo máa ń dì mú tá a bá fẹ́ sọdá títì ní Padua ti bo tèmi mọ́lẹ̀ pátá. Iye tí mo rí lórí téèpù, mi ò gbà á gbọ́. Mo bá tún un wọ̀n, bí òun náà ti ṣe, ó sì wá yé mi pé ọwọ́ tó fẹ̀ láti hán bọ́ọ̀lù ló ń wá. Ìgbà yẹn ni ọkùnrin náà mi orí, ó mú ìwé, ó sì tún orúkọ ọmọ wa kọ.

Ó ti wà ní Jámánì báyìí, sáà kejì ẹ̀ rèé. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń dúpẹ́ pé mo bá òun wojú àlejò, mi ò sì tíì ní ìgboyà láti sọ bó ṣe jẹ́. Ohun tí kò kúrò lọ́kàn mi ni pé, nígbà tí ohun tó ti fi gbogbo ara ẹ̀ wá fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó purọ́ kí wọ́n má baà pe èmi lólè. Láti ìgbà tó ti wà ní kékeré ni mo ti gbà pé ìfura mi ló ń dáàbò bò ó. Lọ́jọ́ yẹn, òun ló bò mí. Kí n má tàn ọ́, mo ṣì ń fura sí ará Jámánì yẹn díẹ̀. Àmọ́ ara mi gan-an ni mò ń ṣọ́ jù báyìí.