Igun Kẹrin

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí Kútọnu kò ju iyanrìn àti igi àgbọn lọ, ilé ẹ̀kọ́ wa kò ní ohun ìṣeré kankan àfi okùn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Okùn gígùn kan ni, irú èyí tí àwọn apẹja fi ń fa àwọ̀n, tí wọ́n so orí àti ìdí rẹ̀ pọ̀. Sísítà òyìnbó ìjọ Kátólíìkì kan, tí a ń fi èdè Faransé pè ní mà sẹ̀ẹ̀rì, ló fi ń kọ́ wa. Gbogbo wa á di okùn náà mú, a ó máa fà sẹ́yìn títí yóò fi rí róbótó. Bí ó bá pe ọmọ mẹ́ta, oníkálukú á dúró sí igun tirẹ̀, wọ́n á fà á le, onígun mẹ́ta nìyẹn. Ọmọ mẹ́rin á sì fa onígun mẹ́rin. Lẹ́yìn náà a ó rìn yí i ká, a ó máa ka igun rẹ̀ lóhùn rara bí ẹni ń kéwú.

Ìbejì ni mí. Èmi àti ẹnì kejì mi, ọmọbìnrin bí èmi, la máa ń dúró sí igun méjì tó kọjú síra. Mà sẹ̀ẹ̀rì kò lè dá wa mọ̀ yàtọ̀, kò sì yọ ara rẹ̀ lẹ́nu; orúkọ tó bá ti wá sí i lẹ́nu ló ń pè, àwa méjèèjì la sì ń jẹ́.

Ibà mú ẹnì kejì mi, ó sì kú. Mo ń sọ ọ́ báyìí torí mo ti darúgbó. Nígbà yẹn, ẹnikẹ́ni kì í sọ bẹ́ẹ̀. Ní ilé wa, bíi ti àwọn Fọ̀n tí a jọ ń gbé, ìbejì kì í kú, ó lọ ṣẹ́gi nínú igbó ni. A kì í sì í sunkún rẹ̀, kí èyí tó kù má baà tẹ̀ lé e. Ìyá mi wẹ̀ fún mi, ó di irun mi, ó ní kí n máa lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Mo lọ. Kò sí ohun tó dùn mí. Gbogbo ara mi kàn rí bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé pẹ́.

Mà sẹ̀ẹ̀rì ní ká ṣe onígun mẹ́rin. Àwa mẹ́ta tó kù nínú mẹ́rin la jáde. Ó fẹ́ fi ọmọ mìíràn sí igun kẹrin, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà sẹ̀ẹ̀rì, ẹnìkan ló ni ibẹ̀. Ó lọ ṣẹ́gi ni."

Ó ní kò burú, kí àwa mẹ́ta fa okùn wa. A fà á. Ó béèrè ohun tó jẹ́. Àwọn yòókù ní onígun mẹ́ta ni, èmi ní onígun mẹ́rin ni. Ó tún bi mí, mo tún sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ mi, mo mọ onígun mẹ́ta dáadáa. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí mo bá ti pè é bẹ́ẹ̀, mo ti gbà pé kò níí padà mọ́. Ó mú mi lọ́wọ́, ó mú mi yí okùn ká, ó ní kí n máa fọwọ́ kan igun, kí n máa kà á. Mo ka ọ̀kan, mo ka èjì, mo ka ẹ̀ta. Mo dúró. Iyanrìn nìkan ló wà níwájú mi.

"Onígun mẹ́ta ni," ni mo wí.

Mà sẹ̀ẹ̀rì pàtẹ́wọ́, gbogbo kíláàsì sì bá a pàtẹ́wọ́ fún mi.

Lónìí, ojú fóònù ni àwọn ọmọ-ọmọ mi ní Kàlàfí, lẹ́bàá Kútọnu, ti ń kọ́ gbogbo ìyẹn. Wọ́n á fi ìka tẹ̀ ẹ́, fóònù á sì kọrin fún wọn. Bí ẹnìkan bá kú, wọ́n á sọ fún ọmọdé pé ó kú, wọ́n á jẹ́ kó sunkún. Bóyá ìyẹn ló dára, èmi ò mọ̀. Ìyá mi kò sọ ọ́ rí títí òun náà fi lọ. Abọ́ méjì ló máa ń bu oúnjẹ sí fún mi ní alaalẹ́, kì í sì í wo ojú mi. Mo máa ń jẹ méjèèjì tán.