Aṣọ́lé tí Kò Dọ̀bálẹ̀

Bàbá Múfútáù, apẹja ní Ẹlẹ́kọ, ló kọ́kọ́ fẹnu ara wọn sọ ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí fún mi, ní ilé ìtọ́jú tí mo ti ń ṣiṣẹ́ físíò, ìtọ́jú iṣan àti oríkèé ara, nítòsí Jákàńdè, nígbà tí wọ́n ń mú ọ̀nà márosẹ̀ Lẹ́kì fẹ̀ sí i. Ọmọ wọn, tó ń ṣọ́lé fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ní Ajah, ti ṣubú lórí pápá, kò lè dìde. Mo bi bàbá pé ìgbà wo ni ẹ̀yìn ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún.

"Dókítà, ẹ̀yìn kọ́, ìgbéraga ni. Ó pẹ́ tó ti dọ̀bálẹ̀ fún mi kẹ́yìn. Á dúró gbagidi bí òpó iná, á ní ẹ káàárọ̀. Nítorí bọ́ọ̀lù, á ṣubú yàkàtà. Nítorí bàbá tó bí i, ẹ̀yìn rẹ̀ ò tẹ̀. Mo lé e lójú àwọn àgbà èbúté pé kó má wọlé mi mọ́."

Mo ní kí Múfútáù rọra tẹ̀ síwájú. Kò tíì tẹ̀ dé ibì kan tí òógùn fi bò ó. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di orúnkún mú kó má baà ṣubú. Ẹ̀gbẹ́ ni aṣọ́lé fi ń ṣubú. Títẹ̀ síwájú gan-an ló ń pa á lára.

Bàbá rí ọwọ́ yẹn. "Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Bí mo bá sọ fún yín, ẹ ó sọ lébùúté. Kóòṣì á gbọ́ kílẹ̀ tó ṣú, á fi ẹlòmíràn sójú ilé."

Bàbá ṣí fìlà, wọ́n ń wo inú rẹ̀ bí ẹni tó ń wá nǹkan.

Mo ní kí Múfútáù máa dojú bolẹ̀ lórí ẹní, kó fọwọ́ ti àyà sókè, kí ìbàdí má kúrò nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo kọ́ ọ bí a ṣe ń tẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ìbàdí, kí ẹ̀yìn má ṣe ká kò. Kòtò ojú ọ̀nà ń ba iṣẹ́ mi jẹ́ kó tó dé ibi tó ń gbé. Mo ní kó máa sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, kó fẹsẹ̀ rin ibi tó bá burú.

Kóòṣì ò yé pè mí. "Ọ̀gá físíò, ìgbà wo ni aṣọ́lé mi ń bọ̀?"

"Ìgbà tó bá lè dọ̀bálẹ̀ kí bàbá rẹ̀."

Ó rò pé mò ń ṣàwàdà.

Lọ́jọ́ tí mo ní ó ti tó, bàbá kó àwọn àgbà èbúté wá sí pápá. Bàbá ní ojú àwọn àgbà yẹn làwọn ti lé ọmọ àwọn. Múfútáù rọra lọ sílẹ̀, àyà rẹ̀ kan koríko. Bàbá la ẹnu, àdúrà ò jáde.

Àgbà kan ní, "Ṣàdúrà fọ́mọ. Àbí ẹ̀yìn tìẹ náà ń dùn ọ́ ni?"

"Ojú ló ń tì mí," bàbá dáhùn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fọwọ́ ara wọn gbé ọmọ dìde.

Múfútáù padà sójú ilé. Ṣùgbọ́n ìwọ tó ń gbọ́ mi, ọmọ tó kí ọ lóòró láàárọ̀ òní, kí lo pè é?