Àwọn Ìgò Tí Mo Kó Sínú Fírísà Ẹlẹ́ja

Bí mo bá ti gbóòórùn tòmátì tó ń rà pọ̀ mọ́ ti oògùn apakòkòrò, ọjà Mile 12 ni ọkàn mi ń sá lọ, sí ilé ìwòsàn ìjọba kékeré kan lẹ́yìn ọjà, níbi tí mo ti ṣe àgùnbánirọ̀ nígbà tí fóònù oníná tọ́ọ̀ṣì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbòde. Ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ ni mo kà ní yunifásítì. Ohun tí mo mọ̀ nípa abẹ́rẹ́ kò ju pé ó máa ń dunni lọ. Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ orúkọ àwọn ọmọ tó wá gba àjẹsára sínú ìwé ńlá. Ẹ̀rù àṣìṣe máa ń bà mí gan-an. Kí n má purọ́ fún yín, kì í ṣe nítorí àwọn ọmọ náà nìkan. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé kọ́pà yìí ò wúlò ni.

Mátírọ̀n ni gbogbo wa ń pe ọ̀gá wa, obìnrin tín-ín-rín kan tí ohùn wọn kì í ròkè. Lọ́sẹ̀ tí mò ń sọ yìí, iná ti lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, dísù inú jẹnẹrétọ̀ sì ti gbẹ. Lẹ́tà tí Mátírọ̀n fi béèrè owó dísù wà lórí tábìlì òṣìṣẹ́ ìjọba kan, kò kúrò níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ní ọjọ́ kejì ni àwọn obìnrin Agbóyì, abúlé etí omi kan nítòsí, máa wa ọkọ̀ ojú omi wá, bí wọ́n ti ń ṣe lẹ́ẹ̀kan lóṣù, láti gba abẹ́rẹ́ tó ń dènà ikọ́ líle àti àrùn ipá fún àwọn ọmọ wọn. Mátírọ̀n máa ń sọ pé ìyá tó bá wá lásán lẹ́ẹ̀kan lè má padà wá mọ́. Wọ́n jáde lọ́sàn-án láti lọ béèrè ibi tí lẹ́tà wọn dé, wọ́n fi èmi nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú fíríìjì tí omi ń kán nídìí rẹ̀.

Ara mi kò gbà á. Mo kó àwọn ìgò abẹ́rẹ́ sínú abọ́, mo sáré lọ bá Alhája kan tó ń ta ẹja yìnyín nítòsí, tí jẹnẹrétọ̀ tiwọn kì í sinmi. Alhája kò jẹ́ kí n bẹ̀bẹ̀ púpọ̀. Wọ́n ti kó títùs sápá kan.

“Ọmọ ju ẹja lọ jàre, Kọ́pà. Tì wọ́n sísàlẹ̀ pátápátá, ibẹ̀ ló ń dì jù.”

Mo tì wọ́n sísàlẹ̀ pátápátá. Inú mi dùn débi pé mò ń dá rẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Mátírọ̀n padà dé lọ́wọ́ òfo, mo sì ròyìn iṣẹ́ akọni tí mo ṣe. Wọ́n jókòó. “Kọ́pà, oògùn yìí, yìnyín ń pa á ju ooru lọ.” Wọ́n ní kí n lọ kó o wá. Nígbà tó yọ́ tán, wọ́n mú ìgò kan tó ṣẹ́kù nínú kúlà ọwọ́ wọn, tí kò dì rí, wọ́n mú ọ̀kan nínú tèmi, wọ́n mi méjèèjì dáadáa, wọ́n sì gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

“Máa wò ó.”

Méjèèjì funfun bí omi ògì. Mo tẹjú mọ́ wọn. Díẹ̀díẹ̀, ìgò tèmi bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́ láti òkè, ohun funfun inú rẹ̀ ń já bọ́ wínníwínní sí ìdí ìgò, nígbà tí èkejì dúró bó ṣe wà. Ẹ̀rù bà mí, ẹwà rẹ̀ sì tún gbà mí lọ́kàn: agbára oògùn kú lójú mi kòrókòró. A mi àwọn ìgò yòókù. Bákan náà ni gbogbo wọn ṣe.

Ojú ń tì mí láti sọ ohun tó kàn. Mo ní, “Mà, bí a bá gún wọn bẹ́ẹ̀, ta ló máa mọ̀?”

Mátírọ̀n ní, “Ara ọmọ ló máa mọ̀, lọ́jọ́ tí ikọ́ bá dé.” Wọ́n mú bírò, wọ́n kọ ìròyìn náà sílẹ̀ pé abẹ́rẹ́ bàjẹ́, àti pé àwọn fúnra wọn ni kò kọ́ òṣìṣẹ́ wọn bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Orúkọ mi kò sí níbẹ̀.

Ní òwúrọ̀, àwọn obìnrin Agbóyì dé, etí aṣọ wọn ṣì tutù. Mátírọ̀n dìde, wọ́n sọ ọ́ látòkè délẹ̀: iná, dísù, lẹ́tà, fírísà. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì.

Obìnrin kan tó gbọ́mọ pọ̀n pariwo. “Ẹ̀n-ẹ́n! A wa ọkọ̀ láti ìdájí, ẹ wá lọ fi abẹ́rẹ́ wa ṣe ẹja!” Ẹ̀rín sọ, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀. Ìyá àgbà kan tó gbé ọmọ ọmọ rẹ̀ wá kò rẹ́rìn-ín. Ó bi Mátírọ̀n pé, “Níbo ni ẹni tí lẹ́tà yín wà lórí tábìlì rẹ̀ ń jókòó?”

Mátírọ̀n júwe ọ́fíìsì náà, àmọ́ wọn kò rán ẹnikẹ́ni lọ. Ṣe ni àwọn obìnrin náà tún ọ̀já so, wọ́n sì tò lọ. Mo tẹ̀lé wọn. Nígbà tí a débẹ̀, òṣìṣẹ́ náà ní kí wọ́n fi sùúrù ṣe é. Ìyá àgbà gbé ọmọ náà kalẹ̀ sórí tábìlì rẹ̀, láàárín àwọn fáìlì. “Sùúrù wà lọ́wọ́ wa. Ikọ́ ni kò ní sùúrù.” Kí oòrùn tó kan àtàrí, òṣìṣẹ́ náà ti fọwọ́ sí lẹ́tà náà. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, abẹ́rẹ́ tuntun dé, jẹnẹrétọ̀ ń dún, àwọn ìyá náà sì padà wá, pẹ̀lú àwọn ará ilé wọn tí kò wá rí.

Nísinsìnyí, bí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ owó àjẹsára bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ohun tó jìnnà, mo máa ń ronú nípa dísù tó yẹ kó wà nínú jẹnẹrétọ̀ kan lẹ́yìn ọjà. Mo ti rò pé bí àwọn ìyá bá mọ àṣìṣe wa, wọn ò ní gbẹ́kẹ̀ lé wa mọ́. Ohun tó ṣì ń yà mí lẹ́nu ni pé òtítọ́ tí mo rò pé yóò lé wọn lọ ni wọ́n gbé dání lọ bá òṣìṣẹ́ yẹn.