Òróró Lórí Kọ̀ǹpútà Mi

Mo rántí ìgbà tí wọ́n da òróró àdúrà sí kọ̀ǹpútà mi, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, nínú ọ́fíìsì ìjọba ní Àkúrẹ́. Ẹni tó dà á ni obìnrin tí tábìlì rẹ̀ kọjú sí tèmi, tó máa ń darí àdúrà wa kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìyá àdúrà ni gbogbo wa ń pè é. Èmi àti òun la jọ ń du ipò ọ̀gá ẹ̀ka wa, ipò tí mo ti ń fojú sọ́nà fún láti ìgbà tí irun mi ṣì dúdú.

Àkọsílẹ̀ àwọn àgbẹ̀ là ń tọ́jú, láti Ìjù títí dé Bọ́lọ́rundúró: orúkọ, abúlé, ohun tí wọ́n gbìn. Inú fáìlì kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ wà, ó sì tóbi débi pé bí Ìyá àdúrà bá ní kó ṣí bí gbogbo ayé ṣe ń ṣí i, á lọ jẹ mọ́ínmọ́ín ní Arakale, á padà dé, ẹ̀rọ á ṣì máa ronú. Èmi kì í ṣí i bẹ́ẹ̀. Mo ti kẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò ní yunifásítì, mo sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo ojú dúdú, ibi tí kò ti sí àwòrán kankan, tó jẹ́ pé àṣẹ lèèyàn ń tẹ̀ fún ẹ̀rọ. Màá ní kó fi ìlà díẹ̀ hàn mí láti òkè, kó to orúkọ sábẹ́ orúkọ, abúlé sábẹ́ abúlé. Bí mo bá tẹ bọ́tìnnì gígùn ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ojú ewé kan á kọjá. Ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ọbẹ̀ níyọ̀ kì í da gbogbo ìkòkò sínú abọ́. Mo máa ń tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan kí wọ́n lè gbọ́, torí mo gbà nígbà náà pé ẹni tó mọṣẹ́ ni wọ́n ń fi jọ̀gá.

"Mọ́mì, kí ló ń sáré lójú ẹ̀rọ yín yẹn?" ni Ìyá àdúrà bi mí lọ́jọ́ kan. Mo ní àwọn àgbẹ̀ ni. Ó wo lẹ́tà funfun lórí dúdú, ó mi orí. Kó tó di ọ̀sán, gbogbo ọ́fíìsì ti gbọ́ pé ìyá àgbà ti ń ṣe Yahoo. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, wọ́n yí tábìlì mi ká, wọ́n ní àwọn ń lé ẹ̀mí Yahoo jáde, wọ́n kọrin, òróró sì ṣàn wọ àárín àwọn bọ́tìnnì. Mo nù ún, mo rò pé ó tán.

Ní Ọjọ́rú, akọ̀wé àgbà wá wo iṣẹ́ àwa méjèèjì kó tó yan ọ̀gá. Fáìlì Ìyá àdúrà kò ṣí. Ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Mo tẹ àṣẹ tèmi, àwọn àgbẹ̀ jáde, wọ́n tò bí ọmọ iléèwé. Mo tẹ bọ́tìnnì gígùn. Kò gbéra mọ́. Òróró ti mú un mọ́lẹ̀. Ìjù kọjá, Bọ́lọ́rundúró kọjá, kò dúró títí ó fi dé òpin, ẹ̀rọ wá ń ké pí, pí, pí.

"Ẹ wò ó, sà," ni Ìyá àdúrà sọ jẹ́jẹ́, "ó ti ń jẹ́wọ́."

Akọ̀wé àgbà, tó kàwé jù mí lọ, sún àga rẹ̀ sẹ́yìn. Ìyá àdúrà ló gba ipò náà. Abẹ́ rẹ̀ ni mo wà títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Ìlú Oǹdó ni àwa méjèèjì ń gbé báyìí, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà là ń lọ. Láìpẹ́ yìí ló ṣe ìdúpẹ́ nítorí ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ríṣẹ́ ńlá. Ó ń gbé fóònù kiri, ó ń fi àwòrán ọmọ náà níbi iṣẹ́ hàn wá: ojú dúdú, lẹ́tà funfun, orúkọ sábẹ́ orúkọ. Ó ní ọgbọ́n Ọlọ́run ni. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Mo jó tẹ̀ lé e dé iwájú, mo fún un ní ìgò òróró kékeré kan.

"Kí la fẹ́ fi èyí ṣe, Mọ́mì?"

"Ti kọ̀ǹpútà ọmọ yín ni."

Ó dì mọ́ mi. Ó ní òun á fi ránṣẹ́ sí i, kó dà á sí i kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Kò rántí nǹkan kan. Mo ti ń rò ó láti ọjọ́ náà: ẹ̀san wo ló wà nínú èyí tí ẹni tí a san án fún ń dúpẹ́ rẹ̀? Ọmọ náà kò sì ṣẹ̀ mí. Àdúrà kan ṣoṣo tí mo ń gbà lórí ọ̀rọ̀ yìí ni pé kó gbọ́n ju ìyá rẹ̀ lọ.