Ohun Tó Wà Lápá Alágbàfọ̀

Láti ọjọ́ tí ìyá ọkọ rẹ̀ ti dé ni Alágbàfọ̀ ti ń da ìborùn bo èjìká, nínú ooru tó ń lé ewúrẹ́ pàápàá wá ibòji. Ọ̀pá tín-ín-rín kan wà nínú ẹran apá òsì rẹ̀, kò gùn ju igi ìṣáná lọ. Nọ́ọ̀sì ló fi í síbẹ̀ kí ó má baà lóyún fún ọdún mẹ́ta.

Ọmọ mẹ́rin ló ti bí. Nígbà tó bí ìkẹrin, ẹ̀jẹ̀ dà lára rẹ̀ títí tí dókítà fi sọ pé bó bá tún lóyún, àwọn lè má rí i gbà là mọ́. Ọkọ rẹ̀, jórinjórin tí iná kì í bà lẹ́rù, kàn rẹ́rìn-ín: "Ṣé dókítà ni Ọlọ́run ni?" Ilé ìwòsàn àdúgbò ní kó lọ mú ọkọ wá kó wá fọwọ́ sí ìwé kí wọ́n tó fi ọ̀pá náà sí i lápá. Alágbàfọ̀ wọ ọkọ̀ méjì lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n. Bí ọkọ rẹ̀ bá gbọ́, á ní kí wọ́n yọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an.

Àgbà ní ọ̀rọ̀ tí a ní kí baba má gbọ́, baba ni yóò parí rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni Alágbàfọ̀ ń rántí òwe yìí, inú rẹ̀ kò sì dùn sí ẹni tó kọ́kọ́ pa á.

Lọ́sàn-án Sátidé, ìyá ọkọ, télọ̀ àtijọ́ tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, fa téèpù yọ. "Ìyàwó mi, aṣọ ti gbó mọ́ ẹ lọ́rùn. Bọ́ ìborùn yẹn, jẹ́ kí n wọ̀n ẹ́."

"Ẹ má ṣèyọnu, mà."

"Ìyọnu wo? Àbí o ń fi nǹkan pamọ́ fún mi ni?"

Àwàdà ni. Alágbàfọ̀ rọra bọ́ ìborùn. Ọkọ rẹ̀ jókòó sórí ibùsùn pẹ̀lú bírò, ó ń kọ ohun tí ìyá rẹ̀ ń pè.

"Èjìká, mẹ́rìndínlógún. Àyà, méjìdínlógójì." Ìka ìyá, èyí tó lè rí abẹ́rẹ́ tó sọnù sínú ìdì aṣọ, rìn sọ̀kalẹ̀ lápá òsì Alágbàfọ̀. Ó dúró. Ó tẹ ibẹ̀. Ó tún tẹ̀ ẹ́.

Alágbàfọ̀ wo ojú ọkọ rẹ̀.

"Apá ńkọ́, Màámi?" ọkọ rẹ̀ béèrè.

Ìyá fi àtẹ́lẹwọ́ bo ibẹ̀.

"Kọ ọ́ pé apá gígùn."

"Nínú ooru yìí?"

"Ṣé ìwọ lo máa wọ̀ ọ́ ni? Dìde, lọ bá mi ra òwú dúdú wá."

Ó jáde tán, ìyá kò tíì gbọ́wọ́ kúrò. "Ọdún mélòó ló máa lò?"

"Mẹ́ta, mà. Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún un. Mo máa kú ni."

"Mẹ́sàn-án ni mo bí. Mo sin márùn-ún. Nígbà tiwa, a ò rí irú ẹ̀." Ó rọra gbọ́wọ́ kúrò. "Tó o bá ń fọṣọ, má ká apá aṣọ náà sókè o. Jẹ́ kó tutù mọ́ ẹ lára."

Wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ ọkọ lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá yára bọ́ sí apá ọ̀tún, ó na téèpù síbẹ̀. Ó di apá náà mú ṣinṣin.